Ọwọ́ Ta Ni Ẹrù Wà? Bí Ohun Èlò Ológun Ṣe Ń Di Àwátì Lójú Ọ̀nà Àtúnṣe

Lọ́dún tó kọjá, gíábọ́ọ̀sì ẹ̀ńjìnì ọkọ̀ ojú omi àbúrò bàbá mi bàjẹ́ ní ẹ̀bútè Ìpakodo, níbí ní Ìkòròdú. Mushin ni màkáníìkì tó mọwọ́ irú ẹ̀ńjìnì bẹ́ẹ̀ wà. A wé gíábọ́ọ̀sì náà sínú àpò sìmẹ́ǹtì méjì, a lẹ tépù funfun mọ́ ọn, mo fi máákà kọ orúkọ màkáníìkì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára tépù. A gbé e lọ sí gáréèjì, a san owó wébìlì, awakọ̀ sì tì í sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí mo bá ti dé ibẹ̀ ni màá pè é."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, màkáníìkì ní òun ò rí nǹkan kan. A pe awakọ̀, ó ní òun ti gbé e kalẹ̀ ní gáréèjì lọ́hùn-ún. A pe gáréèjì lọ́hùn-ún, wọ́n ní kò sí ẹrù kankan tó ní orúkọ tí a dá lọ́dọ̀ àwọn. Òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Ọjọ́ kọkàndínlógún la tó rí i nínú sítóò wọn, lẹ́yìn àpò gààrí. Epo tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ti jò, ó rin àpò gbingbin, ó rin tépù náà, tépù sì ti ṣí kúrò tòun ti orúkọ tó wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí i. Ṣùgbọ́n fún odindi ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ọkọ̀ àbúrò bàbá mi wà létí omi bí ilé tí kò lórùlé, àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ń padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ti ń da ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tó ń náwó jù lágbàáyé, láàmú láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwọn kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ akérò. Ẹ̀yà mísáìlì ni, awò tí wọ́n fi ń ríran lóru ni, ẹ̀yà jẹ́ẹ̀tì ogun tí owó rẹ̀ lè kọ́ ilé ìwòsàn ni. Tí mo bá ń kọjá níwájú bárékè Bàtálíọ̀nù 174 ní Odogunyan, tí mo sì rí tírélà tó gbé ọkọ̀ ológun tó bàjẹ́ sẹ́yìn, ìbéèrè tó máa ń wá sí mi lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ: ní ìṣẹ́jú yìí, inú ìwé ta ni ọkọ̀ yẹn wà?

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ìbéèrè yẹn fi le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ mi ti máa wá. Kì í ṣe pé àwọn nìkan ló ń sọ nǹkan nù, àmọ́ àwọn ni wọ́n ní àjọ kan tó ń jẹ́ GAO, tó ń bá ilé aṣòfin wọn yẹ ìwé ìjọba wò, tó sì ń tẹ ohun tó bá rí jáde kí gbogbo ayé kà á. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ń bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Ẹrù tí kò sí nílé tí kò sì sí lóko

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe rí. Nígbà tí ohun èlò ológun bá wà nínú sítóò, ọ̀gá sítóò ló ni ín lọ́rùn. Nígbà tó bá wà lọ́wọ́ ọmọ ogun, ọmọ ogun náà ti fọwọ́ sí i. Nígbà tó bá bàjẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ fún àtúnṣe, ọ̀gá sítóò á fagi lé e nínú ìwé rẹ̀ pé "ó ti jáde". Ọ̀rùn rẹ̀ ti mọ́. Alátùnúnṣe tó wà ní ìlú kejì, bóyá ní ilẹ̀ kejì, kò tíì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, nítorí kò tíì rí i. Láàárín ìwé méjèèjì yìí, ẹrù náà wà nínú ọkọ̀, tàbí nínú ọkọ̀ òfurufú, tàbí nínú sítóò ẹnì kan tó kàn ń gba ẹrù kọjá. Kò sí nílé, kò sí lóko. Bó bá sọnù níbẹ̀, kò sẹ́ni tí ìwé rẹ̀ máa fi hàn pé nǹkan dín.

Ti ẹrù tó bàjẹ́ tún wá burú ju ti ẹrù tuntun lọ. Ẹni tó bá béèrè ẹrù tuntun ń retí rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń pe fóònù pé "ṣé ó ti dé?" Èyí tó bàjẹ́ ńkọ́? Ẹni tó fi ránṣẹ́ ti gba òmíràn rọ́pò, kò retí rẹ̀ mọ́. Alátùnúnṣe sì ní iṣẹ́ rẹpẹtẹ níwájú, bí ìkan ò bá dé, òun ò ní mọ̀. Kò sí ẹni tí àìdé rẹ̀ ń dùn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bíbàjẹ́ kò sọ ohun ìjà di pàǹtí. Ìbọn tí ìdí rẹ̀ fọ́ ṣì lè yìn. Awò òru tí ibi tí bátìrì ti ń kan ara ló jẹ́ ìṣòro rẹ̀, ẹni tó mọ iná dáadáa lè tún un ṣe lórí tábìlì kékeré. Rédíò ológun tó dákú ṣì ní nínú rẹ̀ ohun tí ọ̀tá máa fẹ́ tú wò. Ohun tó sì mú kí wọ́n máa tún wọn ṣe dípò kí wọ́n kó wọn dànù ni pé títún un ṣe dínwó gan-an ju ríra tuntun lọ. Owó ńlá ló ń rìn lọ́nà yẹn, tó wé aṣọ òtòṣì.

Bí wọ́n ṣe ní kó máa rí

Lórí ìwé, ètò wọn dára. Oríṣi ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ní díjíìtì 13, tí gbogbo orílẹ̀-èdè NATO, ẹgbẹ́ ológun tí Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ wà nínú rẹ̀, ń lò, kí ẹni tó wà ní Jámánì àti ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn ń sọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èyí tó bá níye lórí tún ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí nọ́ńbà ṣásíìsì mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan tó ń sọ ìlera rẹ̀: A ni èyí tó pé, tó ṣeé lò lójú ẹsẹ̀, F ni èyí tó bàjẹ́ àmọ́ tó ṣeé tún ṣe, H ni èyí tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún, tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Bí ẹ̀yà kan bá kúrò nínú jẹ́ẹ̀tì lọ sí ilé àtúnṣe, lẹ́tà F ló gbọ́dọ̀ gbé lọ; bó bá ń padà bọ̀, A.

Ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní orúkọ kan tí mo fẹ́ràn fún ẹ̀yà tó bàjẹ́. Òkú ẹran ni wọ́n ń pè é, bí ẹran tí alápatà pa tó so rọ̀. Ìlànà wọn ni pé bí o bá fẹ́ gba tuntun ní owó pọ́ọ́kú, o gbọ́dọ̀ dá òkú padà. Bí o kò bá dá a padà, wàá san gbogbo owó tuntun. Ẹni tó bá ti ra míníráàlì ní kéréètì rí ní Sábó mọ ohun tí mo ń sọ. Bí o bá kó ìgò òfo wá, owó omi inú rẹ̀ nìkan lo máa san. Bí o kò bá kó o wá, wàá fi owó ìgò sílẹ̀. Ìyá tó ń ta míníráàlì kò nílò kọ̀ǹpútà láti mọ ẹni tó jẹ òun nígò mẹ́fà, torí owó ẹni yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí ètò yìí ní, mo rò pé èyí ló sún mọ́ òótọ́ jù, torí ó jẹ́ kí àìdé ẹrù dun ẹnì kan.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ló rọrùn jù, òun náà ni wọ́n sì ń fò jù: kí ẹni tó gba ẹrù fọwọ́ sí i pé "ó dé", kó sì fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ padà. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá padà láàárín iye ọjọ́ kan, kí ẹni tó fi ránṣẹ́ gbé fóònù.

Ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ṣí ìwé

Ní oṣù kẹta ọdún 1999, GAO gbé ìròyìn kan jáde lórí ọmọ ogun ojú omi. Láàárín ọdún ìṣúná 1996 sí 1998, ọmọ ogun ojú omi fúnra wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrù tó lé ní bílíọ̀nù 3 dọ́là sọnù lójú ọ̀nà. Nínú rẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń ta mísáìlì lára ọkọ̀ òfurufú wà, àti awò òru, àti àwọn rédíò. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò tọ díẹ̀ nínú wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn kan ò sọnù rárá. Wọ́n ti dé, wọ́n wà lórí pẹpẹ, wọ́n tiẹ̀ ti lo òmíràn. Kò kàn sẹ́ni tó kọ ọ́ pé ó dé ni.

Ẹ lè sọ pé ìyẹn kì í ṣe àdánù nígbà náà. Àdánù ni. Bí ìwé bá sọ pé ẹgbẹ̀rún kan nǹkan sọnù, tí 400 nínú rẹ̀ wà nílé, kò sẹ́ni tó máa sáré wá 600 tó kù mọ́. Gbogbo ènìyàn á ti mọ̀ ọ́n lára pé "bí ìwé wa ṣe máa ń rí nìyẹn, ó ṣáà wà níbì kan." Olè kò ní ibi ìsápamọ́ tó dà bí ìyẹn. Ìwé tó ń parọ́ lójoojúmọ́, lọ́jọ́ tó bá sọ òótọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ọdún 2004 ni GAO tún padà wá, lọ́tẹ̀ yìí lórí ẹrù tí ọmọ ogun ojú omi ń kó lọ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń bá wọn tún nǹkan ṣe. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kì í sábà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ẹrù dé. Orílé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹrù náà, tó yẹ kó máa béèrè bí ọjọ́ 45 bá ti pé tí kò gbúròó, kì í béèrè. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ 45! Àwa tí a ń fi wébìlì ránṣẹ́ láti gáréèjì Ìkòròdú, ọkàn wa kì í balẹ̀ di alẹ́ ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 45, ẹrù ti lè kọjá Sẹmẹ̀, kó dé Kútọnu, kó tún kọjá ibẹ̀.

Bátìrì ni wọ́n béèrè

Ìtàn tó yẹ kí gbogbo ọ̀gá sítóò kọ́ sórí ni ti Táíwàn. Ní ọdún 2005, wọ́n kó ẹ̀yà mẹ́rin tó ń jókòó sí orí mísáìlì Minuteman láti ibùdó kan ní Wyoming lọ sí ibùdó Hill ní Utah. Ẹ̀yà yìí ló ní ohun tó ń tan ìbúgbàù núkílíà nínú. Kì í ṣe bọ́ǹbù fúnra rẹ̀, kò ní ohun abúgbàù núkílíà kankan nínú, àmọ́ àṣírí ìjọba ni. Nígbà tó dé Utah, sítóò tí wọ́n ń kó ẹrù lásán sí ni wọ́n gbé e lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Táíwàn béèrè bátìrì hẹlikópítà. Wọ́n wo orí pẹpẹ, wọ́n rí páálí mẹ́rin, wọ́n kó o ránṣẹ́.

Páálí yẹn jókòó sí Táíwàn títí di oṣù kẹta ọdún 2008 kí Amẹ́ríkà tó mọ ohun tí wọ́n ṣe. Láàárín àkókò yẹn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ka ẹrù tó wà ní sítóò Utah. Wọ́n kà á, wọ́n kà á, kò sí ẹni tó rí i pé ohun mẹ́rin tó jẹ́ àṣírí ìjọba kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, pé ọkọ̀ òfurufú kan gbé mísáìlì mẹ́fà tí bọ́ǹbù núkílíà wà nínú wọn láti ibùdó Minot lọ sí ibùdó Barksdale, nínú Amẹ́ríkà níbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ fún odindi ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìkejì kún ìkíní, akọ̀wé àgbà fún ọmọ ogun òfurufú àti ọ̀gá àgbà ọmọ ogun náà fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ní oṣù kẹfà ọdún 2008. Robert Gates, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò, ló ní kí wọ́n lọ.

Mísáìlì Hellfire tó lọ sí Kúbà náà ńkọ́? Mísáìlì ìdánrawò ni, kò ní ohun abúgbàù nínú. Wọ́n gbé e láti Florida lọ sí Sípéènì ní ọdún 2014 fún ìdánrawò NATO. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó yẹ kó gba Jámánì kọjá. Àwọn akẹ́rù gbé e sí ọkọ̀ tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle ní Paris, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé e sínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Havana. Lára páálí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹrù ológun ni. Oṣù kejì ọdún 2016 ni Kúbà tó dá a padà.

Ohun tí mo ń tọ́ka sí níbí ni pé mísáìlì yìí kò sí lọ́wọ́ ọmọ ogun kankan nígbà tó ṣìnà. Ọwọ́ àwọn akẹ́rù ló wà, ọwọ́ awakọ̀ àti ọmọkùnrin tó ń fi fọ́kílíìfù gbé páálí. Bí awakọ̀ Mushin wa, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn. Wọ́n gbé ohun tí ìwé sọ pé kí wọ́n gbé lọ sí ibi tí wọ́n rò pé ìwé sọ.

Nǹkan bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Kọ́sítọ́ọ̀mù mú kọ̀ńténà kan lójú ọ̀nà ní Èkó tí ìwé rẹ̀ sọ pé ilẹ̀kùn irin ló wà nínú rẹ̀. Ìbọn pọ́m̀pù 661 ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, fàyàwọ́ ni. Àmọ́ ẹ rí i bí ìwé ara páálí ṣe lè jìnnà sí ohun tó wà nínú páálí. Àwa ará Ìkòròdú tí Lighter Terminal wà lọ́dọ̀ wa, níbi tí wọ́n ń kó kọ̀ńténà tó ti pẹ́ jù ní èbúté Apápá àti Tin Can wá, a mọ bí kọ̀ńténà ṣe lè jókòó síbì kan títí tí ẹni tó ni ín yóò fi di ìtàn.

Ẹ̀rọ lè ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́

Nígbà ogun Gọ́ọ̀fù ní ọdún 1991, Amẹ́ríkà kó nǹkan bí 40,000 kọ̀ńténà lọ sí aṣálẹ̀. Wọ́n ní láti já ohun tó ju ìdajì wọn, kí wọ́n wo inú, kí wọ́n tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí kò rí ohun tí wọ́n béèrè tún béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, òkè ẹrù náà sì ń ga sí i. Ìtìjú yẹn ló mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo àmì tó ń fi ìgbì rédíò sọ̀rọ̀. Oríṣi kan ní bátìrì, ara kọ̀ńténà ni wọ́n ń so ó mọ́, ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu géètì á sì gbọ́ ọ láti òkèèrè. Oríṣi kejì kò ní bátìrì, ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí káàdì, ó sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ kó tó lè dáhùn.

Ní ọdún 2003, Pentagon, ìyẹn orílé-iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, tún pàṣẹ pé ohunkóhun tí owó rẹ̀ bá tó 5,000 dọ́là gbọ́dọ̀ ní àmì tí kò jọ ti ohunkóhun mìíràn láyé, tí wọ́n fín sára irin rẹ̀ gan-an, tí ẹ̀rọ lè kà. Kì í ṣe ara páálí o. Ara ohun náà fúnra rẹ̀.

Mo mọyì ìyẹn nítorí ohun tí àbúrò bàbá mi ṣe lẹ́yìn tí a rí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Ogolonto, ó ní kó bá òun fi ṣísẹ̀lì irin lu nọ́ńbà mẹ́rin sára rẹ̀, níbi tí epo ò ní lè pa á rẹ́. Mo wà níbẹ̀. Wẹ́dà náà fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ nọ́ńbà náà ná, ó gbé ṣísẹ̀lì irin lé e, ó ń fi òòlù kan án ní méjì méjì, ó ń fẹ́ eruku irin kúrò, ó sì ń fi àtàǹpàkò tọ ojú ọ̀nà rẹ̀ wò bóyá ó jinlẹ̀ tó. Títí di òní, nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀. Bí gíábọ́ọ̀sì náà bá tún jáde nílé, màkáníìkì gbọ́dọ̀ ya fọ́tò nọ́ńbà náà, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí fọ́tò ò bá dé, bàbá á ti wà lójú ọ̀nà Mushin láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àmọ́ ẹ̀rọ nìkan kò tó. Àmì tó wà lára kọ̀ńténà ń sọ ibi tí kọ̀ńténà wà. Kò sọ bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Páálí Táíwàn yẹn ní nọ́ńbà lára, kò sẹ́ni tó kà á ni. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwa ará ìlú kì í rò: bí ẹrù ológun bá ń pariwo ibi tó wà, ọ̀tá náà lè máa gbọ́. Nítorí náà, ohun tí ó rọrùn fún páálí bàtà láti Ṣáínà, tí ẹ lè máa wò lórí fóònù yín láti ilẹ̀ dé ilé, kò rọrùn fún àpótí ọta ìbọn.

Jẹ́ẹ̀tì tó wọ́n jù

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí, kó wo F-35. Jẹ́ẹ̀tì ogun tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ń lò ni, gbogbo wọn sì jọ ń mú ẹ̀yà láti inú agbọ̀n kan náà. Amẹ́ríkà ló ni ẹ̀yà inú agbọ̀n yẹn títí wọ́n á fi dè é mọ́ jẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń tọ́jú rẹ̀, tó ń kà á, tó ń kó o káàkiri ayé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, GAO sọ pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ẹ̀yà tó lé ní mílíọ̀nù kan ti sọnù lọ́wọ́ wọn, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 85 dọ́là. Ọ́fíìsì ìjọba tó yẹ kó yẹ àdánù wọ̀nyí wò kò tíì wo ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ohun tó sì fà á ni àríyànjiyàn kan tí kò yẹ kó wáyé: wọn kò fi ẹnu kò lórí bóyá kí wọ́n ka ẹ̀yà inú agbọ̀n náà sí dúkìá ìjọba tó wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe tàbí kí wọ́n má kà á sí i. Tí wọ́n bá kà á sí i, àgbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ máa jábọ̀ lórí gbogbo èyí tó bá sọnù. Tí wọn ò bá kà á sí i, kò pọn dandan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbéèrè "ta ló ni ín?" kò ní ìdáhùn. Bí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ò bá tíì pín ilẹ̀, ta ni yóò lọ ro ó?

Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni ìròyìn kejì jáde, èyí tó jẹ mọ́ àtúnṣe gan-an. Ẹ̀yà tó lé ní 10,000 ló tò sílẹ̀ tí wọ́n ń dúró de àtúnṣe. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fẹ́ kí àtúnṣe máa gbà. Ọjọ́ 141 ló ń gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, tí ẹ bá mú F-35 ọgọ́rùn-ún lára ti Amẹ́ríkà, bíi 55 péré ló lè gbéra lọ ṣiṣẹ́ ogun. Ọkọ̀ àbúrò bàbá mi létí omi ni mo rí nígbà tí mo ka nọ́ńbà yẹn.

Pentagon fúnra rẹ̀ kò tíì yege nínú àyẹ̀wò ìwé ìṣirò rí. Ọdún 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ gbogbo ìwé rẹ̀ wò pátápátá; títí di ọdún 2024, ọdún méje léraléra ló kùnà. Òfin ti fún wọn di òpin ọdún 2028. Ẹ̀yà àti ohun èlò tí wọn kò lè sọ ibi tó wà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó ń dá wọn dúró.

Ti wa ńkọ́?

Nàìjíríà ra ọkọ̀ òfurufú ogun A-29 Super Tucano 12 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, wọ́n sì dé ní ọdún 2021. Irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ kì í wá láìsí àdéhùn: Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí ohun tí wọ́n tà wà àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Awò òru wà lára ohun tí wọ́n máa ń le mọ́ jù nínú irú àdéhùn yìí, wọ́n á ní kí ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí ọ̀gá àyẹ̀wò Pentagon wo ohun ìjà tí wọ́n fún Ukraine, ìròyìn tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024 sọ pé nínú ohun ìjà bíi bílíọ̀nù 1.7 dọ́là tó yẹ kí wọ́n ka nọ́ńbà wọn, wọn ò tíì ka èyí tó lé ní bílíọ̀nù kan lásìkò. Ìròyìn náà kò sọ pé wọ́n jí wọn. Ó sọ pé ìwé kò bá ẹrù dọ́gba.

Àwa náà ti fọwọ́ sí ìwé tiwa. Àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn kéékèèké ti ọdún 2006, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè fín àmì sára ìbọn, kí wọ́n sì ní ìwé ibi tí gbogbo rẹ̀ wà. Ní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ìṣàkóso ìbọn kéékèèké. Àmọ́ ìròyìn Ọ̀gá Àgbà Olùyẹ̀wò Ìwé Ìṣirò Ìjọba Àpapọ̀ fún ọdún 2019 sọ pé wọn ò rí ohun ìjà àti ọta 178,459 tó jẹ́ ti ọlọ́pàá mọ́, AK-47 sì jẹ́ 88,078 nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn, kì í ṣe ti ṣọ́jà, kì í sì í ṣe lójú ọ̀nà àtúnṣe ni gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ohun tó dùn mí jù nínú ìròyìn náà kéré ju nọ́ńbà ńlá yẹn lọ: ní ẹ̀ka Mopol kan, ìwé tó wà ní orílé-iṣẹ́ kò ní àkọsílẹ̀ ìbọn kan ṣoṣo tó sọnù, ìwé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ sì ka 46 láti ọdún 2000 wá. Ìwé méjì lórí ìbọn kan náà. Ìkan sọ pé kò sí nǹkan, ìkejì sọ pé 46. Ẹni tó wà ní orílé-iṣẹ́ kò pe ẹ̀ka náà rí kó ní, "Ẹ ka ti yín fún mi."

Nígbà tí ìjọba bá tún gbé ìròyìn irú rẹ̀ jáde, ibi tí mo máa kọ́kọ́ ṣí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ka iye tó sọnù. Mo máa wá àwọn ìlà tó wà fún ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún àtúnṣe: ọjọ́ tó kúrò nílé, nọ́ńbà tó wà lára irin rẹ̀, ọjọ́ tí alátùnúnṣe fọwọ́ sí i pé ó dé, àti orúkọ ẹni tó gbé fóònù nígbà tí kò dé. Bí àyè tó kẹ́yìn yẹn bá ṣófo, mo ti mọ ohun tí àwọn ìlà yòókù máa sọ.